Ọmọ mi sọ òkò sí màǹgórò, ó bà ọmọ aládùúgbò lójú: ṣé ẹjọ́ ọ̀daràn ni?

ÌBÉÈRÈ

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lára àwọn ọmọ tó ń sọ òkò sí igi màǹgórò lẹ́yìn ilé wa nígbà ìsinmi. Òkò tí ó sọ kọ lu ẹ̀ka, ó ta padà, ó sì bà ọmọ aládùúgbò wa lójú, ọmọbìnrin ọdún méje tó dúró nísàlẹ̀ tó ń ṣa èyí tó bá já bọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sórí ọ̀kadà dé ọsibítù. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọn ò tíì lè sọ bóyá ojú náà yóò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá ọmọ náà fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ọmọ mi wà ní ilé kéwú, àbúrò mi ọkùnrin tó wá kí mi láti Ọ̀ffà ni wọ́n mú lọ. Ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Nígbà tí mo mú ọmọ lọ bá wọn, wọ́n bi í léèrè, ó ní òun lòun sọ òkò náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó tẹ̀ka sí i. Mo ní kí n dúró fún àbúrò mi, wọ́n ní obìnrin kì í dúró fún béèlì. Ìgbà tí mo san owó ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ní àwọn máa gbé ọmọ lọ sí kóòtù pé ó fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú, àfi tí mo bá fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni n ó san gbogbo owó ìtọ́jú. Bàbá ọmọ náà tún ní Àáfà kan sọ fún òun pé ìdajì díyà ènìyàn (owó tí òfin Ìsìláàmù ní kí wọ́n san fún ẹ̀mí tàbí ìpalára) ni díyà ojú ẹyọ kan, òun yóò sì gbà á. Ìyá mi ní kí n yára gbé ọmọ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Ṣé wọ́n lè torí eré gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sí kóòtù? Ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé náà? Ṣé kí n gbé e lọ sí Èkó?

Ìyá Ọmọ, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ bá mi kí ìyá ọmọbìnrin náà pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe kékeré. Kí Ọlọ́run fi ojú náà ríran.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Òfin tí à ń lò ní Ìpínlẹ̀ Kwara kò ka ohun tí ọmọ yín ṣe sí ọ̀ràn. Bí wọ́n bá gbé e dé iwájú adájọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà kò ní dúró. Ẹ má wàá torí ìyẹn lọ fọwọ́ lẹ́rán o, nítorí nǹkan mìíràn wà nílẹ̀. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ni, owó sì ń jáde lójoojúmọ́ ní Òkè-Oyì. Ohun tó dà yín lójú rú ni pé wọ́n ti po ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọ̀kan ni ẹjọ́ ọ̀daràn, tí ìjọba ń bá ẹni tó dá ọ̀ràn ṣe. Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, tó jẹ́ ti ìdílé méjì. Ọlọ́pàá ní iṣẹ́ nínú ti àkọ́kọ́. Kò ní iṣẹ́ kankan nínú èkejì.

Kwara jẹ́ ara Àríwá àtijọ́ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1967. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo Penal Code, ìwé òfin ọ̀ràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Èkìtì tó pààlà pẹ̀lú yín kì í lò ó. Abala 50 nínú ìwé òfin yìí sọ pé ohunkóhun tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje bá ṣe kì í ṣe ọ̀ràn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí ọmọ bá ti kọjá méje tí kò tíì pé méjìlá, ohun tó ṣe kì í ṣe ọ̀ràn bí òye rẹ̀ kò bá tíì gbó tó láti mọ irú ohun tó ń ṣe àti ibi tí yóò já sí. Ọmọ yín bọ́ sí àárín ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ti máa ń ṣì í. Wọn á bi ọmọ pé, “Ṣé o mọ̀ pé òkúta máa ń dunni?” Ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn á ní, “Ẹ ò rí i, ó mọ ohun tó ń ṣe.” Ta ni kò mọ̀ pé òkúta ń dunni? Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ohun tí òfin ń béèrè jìn ju ìyẹn lọ: nígbà tí ọmọ yìí gbójú sókè sí màǹgórò tó pọ́n, ṣé òye rẹ̀ gbé e láti rò ó pé òkò lè kọ lu ẹ̀ka, kó yí ọ̀nà padà, kó wá bà ẹni tó wà lẹ́yìn òun lójú? Àgbà mélòó ló rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lábẹ́ igi màǹgórò? Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́ tí wọ́n fi sọ pé ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni.

Ká tiẹ̀ wá sọ pé òye ọmọ yín gbó bíi ti àgbàlagbà, abala 48 tún wà. Ohun tó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, láìsí èrò ibi, nígbà tí ènìyàn ń ṣe ohun tí òfin gbà láàyè, lọ́nà tó tọ́, pẹ̀lú ìṣọ́ra tó yẹ, kì í ṣe ọ̀ràn. N kò ní tàn yín: ibi tí ẹni tó bá fẹ́ bá yín jà yóò dì mú ni “ìṣọ́ra tó yẹ” yẹn. Yóò ní ọmọ rí i pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ igi, ó sì tún sọ òkò. Èsì rẹ̀ ni pé ìṣọ́ra ọmọ ọdún mẹ́sàn-án la ó fi wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A kì í fi sòkòtò baba wọn ìdí ọmọ.

Ohun tó ń kó àwọn ènìyàn láyà jẹ ni bí ìpalára náà ṣe tó. Abala 241 nínú Penal Code ka àwọn ohun tó jẹ́ ìpalára ńlá, àìríran ojú kan títí ayé sì wà lára wọn. Bí ọlọ́pàá bá ti gbọ́ “ojú”, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kó tó di pé a pe ènìyàn ní ẹni tó ṣe ìpalára ńlá, ó gbọ́dọ̀ ti fẹ́ ṣe é, tàbí kó ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí òun ń ṣe yọrí sí i. Bí ojú bá fọ́ pátápátá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, èèṣì náà kò ní torí rẹ̀ di ọ̀ràn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìpéǹpéjú nìkan ló bó, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sọ òkò lu ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lójú lè dáhùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi díẹ̀ síbí. Ọdún méje àti méjìlá tó wà nínú òfin wa yìí kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà Ìlọrin tàbí ti Ìgbómìnà jókòó pinnu. Láti inú òfin Sudan ni Àríwá ti mú Penal Code rẹ̀, Sudan mú tirẹ̀ láti inú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1860, méje àti méjìlá yẹn sì wà nínú ti Íńdíà ọ̀hún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kò lè jẹ́jọ́ ọ̀daràn rárá. Ní Scotland, òfin 2019 sọ ọ́ di ọdún méjìlá. Ní ọdún 2019 yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọdé gba gbogbo orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n má mú un wálẹ̀ ju ọdún mẹ́rìnlá lọ. Lójú tèmi, kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí ọmọ tó ṣì ń wà ní praímárì dúró níwájú adájọ́ nítorí eré. Kò ní kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ kankan tí ẹkún ọmọbìnrin yẹn kò tíì kọ́ ọ, owó ọsibítù kò sì ní ti inú rẹ̀ jáde. N kò tíì rí bàbá kan tó fi ọmọdé sílé ẹjọ́ tí inú rẹ̀ dùn nígbà tí ó parí.

Òfin tó tún wà lẹ́yìn yín ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Kwara náà ti sọ di òfin tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún ni òfin náà pè ní ọmọdé. Abala 204 rẹ̀ ní kí wọ́n má gbé ọmọdé gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbé àgbà ọ̀daràn gbà rárá. Ìlànà tọmọdé ni kí wọ́n lò, níwájú Ilé-ẹjọ́ Ìdílé. Ìyẹn ni pé kódà bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ṣe é, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn ò gbọdọ̀ tò ó mọ́ àwọn olè àti jàǹdùkú nínú kóòtù. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè jẹ́ kí òbí rẹ̀ gbọ́. Kí wọ́n tì í mọ́lé ni ohun tí wọ́n á ṣe kẹ́yìn bí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá dí, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Òfin náà fún ọlọ́pàá láyè láti parí irú ọ̀rọ̀ báyìí láìdé kóòtù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní “kò sí ohun tí àwa lè ṣe, kóòtù ló kù,” ẹ sọ fún wọn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé òfin sọ pé ó wà.

Ìwé tí ọmọ tẹ̀ka sí wá ńkọ́? Kò burú tó bí ẹ ṣe rò. “Èmi ni mo sọ òkò náà” kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ọ̀ràn, nítorí kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹni tó sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ti rí ìwé tẹ́ṣàn tí ọmọ kékeré ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bóyá nítorí pé ẹni tó ń kọ ọ́ wo gíga rẹ̀, bóyá nítorí ohun mìíràn. Ẹ wá ìwé ẹ̀rí ìbí tí Àjọ Ìkànìyàn fún un. Bí kò bá sí, ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì pé àwọn rí i gbà. Bí wọ́n bá tún fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ó má wọlé lóun nìkan. Ẹ jókòó tì í.

Ti àbúrò yín ló bí mi nínú jù. Kò sọ òkò, kò sí nídìí igi, kì í tilẹ̀ ṣe ará Òmù-Àrán. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ti 2015, abala 7, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn dípò ẹlòmíràn. Kwara ní tirẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì tún un sọ. Kò sí àlàyé tó lè tọ́ ọ ṣe. Béèlì sì rèé, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá gbójú sókè nínú tẹ́ṣàn yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i lára ògiri. Ní ti pé obìnrin kì í dúró fún béèlì, abala 167 inú òfin 2015 yẹn sọ ọ́ gbangba pé wọn ò lè tìtorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé a ṣì ń sọ èyí lónìí, àmọ́ à ń sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gba owó yín padà, ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá tẹ́ṣàn náà, kí ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye owó àti ẹni tó gbà á. Bí kò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, tàbí ti Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Ìlọrin. Àwọn méjèèjì kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Bí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ wàhálà, n kò ní dá yín lẹ́bi. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ ṣì rántí rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá tún wá mú ẹlòmíràn nínú ilé yín, ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Ó wá kan ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí.

Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má ya ìwé, ẹ kàn sọ pé lọ́yà yín ní kí ẹ mú un wá fún òun kà. “Gbogbo owó ìtọ́jú” tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ní ìpẹ̀kun. Bí wọ́n bá ní ọmọ náà nílò iṣẹ́ abẹ mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ńkọ́? Bí wọ́n bá ní Cairo ni wọ́n ti máa ṣe é ńkọ́? Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Òfin 2015, abala 8, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀ràn, àwọn ilé-ẹjọ́ wa sì ti bá ọlọ́pàá wí lórí èyí láìmọye ìgbà.

Ṣé òfin tilẹ̀ ní kí ẹ san nǹkan kan? Ibi tó díjú nìyí. Lábẹ́ òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òbí kì í san gbèsè èèṣì ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ òbí lásán. Ohun tó lè mú un ni àìbìkítà tirẹ̀: bí ó bá fún ọmọ ní ohun tó léwu, tàbí bí ó bá ń wo ọmọ tó ń ṣe ohun tó léwu láìdá a lẹ́kun. Wọ́n lè pe ọmọ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ owó, ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kóòtù yóò fi wọ̀n ọ́n. Ẹjọ́ méjì kan wà tí àwa lọ́yà máa ń tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ ojú sì ni méjèèjì. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Australia, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì parí rẹ̀ ní 1966: ọmọkùnrin ọdún méjìlá ju irin kan tó mú lẹ́nu sí òpó igi, irin náà kò wọlé, ó ta lọ bà ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án lójú. Èkejì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń fi rúlà ṣeré bí ẹni ń fi idà jà nínú kíláàsì, rúlà kán, ègé rẹ̀ sì wọ ọ̀kan lójú. Nínú méjèèjì, kóòtù ní ọmọ tó ṣeré náà kò jẹ gbèsè, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní làákàyè kì bá tí ro ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹjọ́ yìí kò de adájọ́ wa mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fetí sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹjọ́ owó ni wọ́n. Ṣíṣe ọmọ lẹ́jọ́ ọ̀daràn kò tilẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, bí bàbá ọmọbìnrin náà bá lọ sí kóòtù gba owó, ó lè má rí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìyá wa. Ẹ̀yin àti wọn lẹ jọ ń pọn omi ní kànga kan. Bí òfin bá tú yín sílẹ̀, àdúgbò kò ní tú yín sílẹ̀, ọkàn yín náà kò sì ní tú yín sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ náà sórí ọ̀kadà. Bàbá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó ló ká a láyà, ó sì sáré lọ sí ibi tó mọ̀ pé wọ́n máa ń bẹ̀rù. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ̀yin kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ má dá lọ. Ẹ mú baálé ilé yín, kí ẹ mú ẹnìkan tí òun náà máa ń bu ọlá fún, ìbáà ṣe ìmáàmù, ìbáà ṣe pásítọ̀, kí ẹ lọ kí wọn. Ẹ mú ọmọ yín dání kó bẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀. Bíbẹ̀bẹ̀ kì í ṣe gbígba ẹ̀bi lójú òfin. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ sọ iye tí agbára yín ká, kí ẹ má ṣèlérí èyí tí ẹ kò ní rí san. Ọsibítù gan-an ni kí ẹ san án fún, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fi ẹ̀dà fún wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba tẹ́ṣàn kọjá. Kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀, nǹkan báyìí:

“Àwa ìdílé méjèèjì gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi màǹgórò jẹ́ èèṣì nínú eré ọmọdé. Nítorí àjọgbé, ìdílé kìíní yóò dá iye báyìí sí owó ìtọ́jú, láìgbà pé ọmọ àwọn dá ọ̀ràn. Ìdílé kejì yóò sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́.”

Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ẹ̀dà lọ fi sínú fáìlì tẹ́ṣàn. Gbólóhùn “láìgbà pé ọmọ àwọn dá ọ̀ràn” ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò. Bí ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kán omi àlùbọ́sà tàbí ohunkóhun tí dókítà kò kọ sí ojú ọmọ náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá wọn dúró.

Ní ti díyà, èmi kì í ṣe Àáfà, n kò sì ní bá Àáfà jiyàn lórí iye díyà ojú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kóòtù Ṣẹ̀ríà ní Kwara wà fún ọ̀rọ̀ bíi ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ogún àti ìtọ́jú ọmọ láàárín Mùsùlùmí. Kò sí ẹjọ́ ọ̀daràn lábẹ́ Ṣẹ̀ríà níbí bí ó ti wà ní Zamfara tàbí Kano, ọlọ́pàá kankan ò sì lè fipá gba díyà lọ́wọ́ yín. Bí bàbá ọmọ náà bá sì fẹ́ ká fi ẹ̀sìn sọ̀rọ̀, kí ó padà lọ bi Àáfà rẹ̀ ní ohun méjì: hàdíìsì tó ní a ti gbé kálàmù tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀ kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti pé nínú ohun tó bá ṣèèṣì, àwọn mọ̀lẹ́bí ni wọ́n máa ń pawọ́ pọ̀ gbé díyà, a kì í dì í lé ìyá ọmọ nìkan lórí.

Àwọn òbí mìíràn yóò ka èyí, tí ọmọ tiwọn ti dàgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ gbólóhùn kan. Ààbò ọjọ́ orí tí abala 50 fúnni parí ní ọdún méjìlá. Èyí tó bá jẹ́ èèṣì ṣì jẹ́ èèṣì lẹ́yìn rẹ̀, ìlànà tọmọdé sì ṣì wà títí di ọdún méjìdínlógún, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó fi rọ́bà ta ènìyàn, tàbí tó ju báńgà sáàárín àwọn ọmọ kékeré, kò ní rí gbólóhùn “mi ò mọ̀” lò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ tí ẹ máa ń gbé ìbọn tí ẹ ti kì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́ o: bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá fi ìbọn yẹn ṣeré tí ó yìn, òfin kò ní wo ọmọ náà. Ẹ̀yin ni yóò wò, ó sì lè jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn gidi. Bákan náà ni bàbá tó fún ọmọ kékeré ní kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì.

Ó ku ti Èkó. Mo mọ ohun tí màmá yín ń rò, àánú ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ. Títí di báyìí, ìdílé yín ni ìdílé tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, tó mú ọmọ tirẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá pòórá, ìtàn náà yóò yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bàbá ọmọbìnrin náà yóò gbà pé ẹ mọ̀ pé ọmọ yín jẹ̀bi, àwọn ọlọ́pàá á sì tún wá mú ẹni tí wọ́n bá bá nílé. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára, tó sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ sí Ọ̀ffà lọ́dọ̀ àbúrò yín ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, kó sì padà wá kí iléèwé tó wọlé ní ọjọ́ Ajé.